Idán Tí Ń Jẹ́ Lẹ́ẹ̀kan, Tí Kì í Jẹ́ Lẹ́ẹ̀kejì

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí èmi náà mú nǹkan wá lọ́dún yìí, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ ogún pínpín. Ogún pínpín dára, a ó sì tún padà sórí rẹ̀ lọ́dún mìíràn bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ṣùgbọ́n géèmù orí fóònù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ géèmù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó ìdánwò WAEC ọmọ kan nínú ẹbí wa, ó sì kù díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ fi òkúta fọ́ fóònù náà. Àwọn kan yóò ti máa retí kí n ṣépè fún fóònù. Kò sí èyí tí n ó ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọmọ tí mò ń wí. Odòde-Ìdànrè níbí ni wọ́n ń gbé, nísàlẹ̀ àpáta gan-an, níbi tí oòrùn kì í tètè dé lówùúrọ̀. Orúkọ géèmù tó ń ṣe ni Old School RuneScape. Ilé-iṣẹ́ Jagex tó wà ní ìlú Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ọdún 2001 ni RuneScape àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tó di ọdún 2013 ni wọ́n gbé irú ti àtijọ́ padà wá fún àwọn tí tuntun kò tẹ́ lọ́rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni èyí wá dé orí fóònù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti bá a pàdé.

Kì í ṣe géèmù tí ẹnì kan ń dá ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè gbogbo ló máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ní akọni tirẹ̀ tí ń gé igi, tí ń pẹja, tí ń rọ irin, tí ń jagun. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ipele láti 1 dé 99, bí akọni bá sì ṣe ń ṣe é sí i ni ipele rẹ̀ ń gòkè. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà ni wọ́n sọ ní idán. Èyí tí ọmọ wa ń lò ń jẹ́ Fire Strike: akọni yóò na ọ̀pá rẹ̀, iná yóò fò jáde, yóò sì lọ lu ẹranko abàmì tó wà níwájú. Ẹni tó bá ti dé ipele 13 ló lè lò ó. Gbogbo ìgbà tó bá lò ó, yálà ó jẹ́ tàbí kò jẹ́, àwọn òkúta kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní rune yóò dín nínú àpò akọni: méjì ti afẹ́fẹ́, ọ̀kan ti ọpọlọ. Ọ̀pá iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dúró fún ti iná tí ìbá tún ná. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yìí sọ́kàn, torí pé òun ló tú àṣírí gbogbo nǹkan.

Bàbá ọmọ náà kò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí ó gbọ́ ni ti ọmọ rẹ̀ tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé pé, "Idán mi ò jẹ́ mọ́ o, àfi kí n wá owó fi ra èyí tó lágbára." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ ilé-kéú, ọmọ tó ti kí Kùránì parí! Ara bàbá gbọ̀n. Àwọn ará ìlú yìí a máa fi orúkọ Ìdànrè ṣe àwàdà pé "Idán rè é" ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé wọn. Ó ti gbé òkúta lọ́wọ́ kí ìyá ọmọ tó gba fóònù sá wá bá mi.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́. Èrò tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti bàbá rẹ̀. Ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ fi owó ìdánwò pamọ́ sí, owó kòkó ni, ọmọ náà sì mọ̀.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú díẹ̀ nínú owó yẹn. Bí mo bá ti bọ́ sáàrin àwọn tó ń sanwó lóṣooṣù, idán mi á máa jẹ́ dáadáa. Mo máa dá a padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀."

Mo ní, "Níbo lo ti máa rí i?"

"Màá ta góòlù inú géèmù fún àwọn òyìnbó. Wọ́n ń rà á."

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń rà á. Ní ọdún 2017, nígbà tí owó ilẹ̀ Venezuela bàjẹ́ tí oúnjẹ wọ́n gógó, àwọn ènìyàn níbẹ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí wọ́n ń pa ẹranko inú géèmù yìí gan-an, tí wọ́n ń ta èrè rẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n òfin géèmù náà kò fàyè gba kí a fi owó gidi ra góòlù rẹ̀ tàbí kí a tà á. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, wọ́n lè gba akọni rẹ̀ pátá, pẹ̀lú gbogbo oṣù tó ti fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà ọmọ yìí fẹ́ fi owó tó dájú ra ohun tí kò dájú, kí ó sì fi ohun tí kò tọ́ san án padà. Mo sọ fún un pé owó WAEC kò ní kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá dúró síbẹ̀ nìkan, yóò wá owó lọ síbòmíràn, torí ó dá a lójú pé owó ni oògùn ọ̀ràn náà. Mo wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í: "Nígbà tí o ní idán kò jẹ́, kí lo máa ń rí gan-an?"

Kò lè dáhùn. Ó ní, "Kò kàn ṣiṣẹ́ ni."

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ "kò ṣiṣẹ́" yìí ń dá wa láàmú ju bí a ti mọ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́. Oògùn ibà kò ṣiṣẹ́. Ọmọ kò mọ ìwé. Gbólóhùn kan ṣoṣo la fi ń bo ìṣòro mẹ́ta mẹ́rin mọ́lẹ̀, a ó sì wá ra oògùn kan fún gbogbo wọn. Mo fún ọmọ náà ní ìwé àjákọ kan. Mo ní kí ó fa ìlà sí i, kí ó lo idán náà ní ìgbà 50, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí òun jókòó sí, ohun tí akọni wọ̀ sára, àti bóyá òkúta dín nínú àpò.

Ó wò mí bí ẹni pé mo fi iṣẹ́ jẹ ẹ́ níyà. Mo wá sọ ìtàn Al-Hasan ibn al-Haytham fún un, ẹni tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tó sì kú ní Cairo ní nǹkan bí ọdún 1040. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ọ̀rọ̀ náà i'tibaar nínú Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀gá yìí lò fún dídán nǹkan wò nínú ìwé rẹ̀ Kitaab al-Manaazir, tó dá lórí ìmọ́lẹ̀ àti ojú. Ó to fìtílà púpọ̀ síta níwájú ihò kan tó wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn. Fìtílà kọ̀ọ̀kan tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sára ògiri nínú lọ́hùn-ún. Bí ó bá bo fìtílà kan, ojú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò pòórá. Bí ó bá ṣí i, yóò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá bo méjì pọ̀, kò ní mọ èyí tó ni èyí. Ọmọ náà ní òun ti yé.

Ọjọ́ kẹta ló gbé ìwé náà wá. Mo wò ó, inú mi sì dùn, torí ìlà tó sọ nípa òkúta ti pín ẹjọ́ náà sí méjì fúnra rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tó tẹ fóònù tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ rárá: kò sí iná, òkúta kò sì dín. Ìgbà mìíràn sì wà tí iná jáde, òkúta dín, ṣùgbọ́n ara ẹranko kò gbà á. Ìṣòro méjì ni wọ́n, bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bí òkúta kò bá dín, a jẹ́ pé iṣẹ́ tó rán kò tíì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí géèmù lókè òkun. Bí ó bá dín, ó dé. Kọ̀ǹpútà ti gbọ́, ó ti ṣírò, ó sì ti dájọ́ pé kò wọlé. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dára wo èkejì sàn, kò sì sí bí ó ṣe lè fi idán tó lágbára wo àkọ́kọ́ sàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa wí pé ọ̀nà jíjìn ló fà á, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jìnnà. Ó jìnnà lóòótọ́. Okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010, gùn tó 7,000 kìlómítà láti Pọ́túgà dé Èkó. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá nínú okùn bẹ́ẹ̀, ó sì ń sáré tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ lórí okùn náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Kọ̀ǹpútà géèmù yìí pàápàá kì í ṣe ohun gbogbo lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìlù tó ń lù, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ń lù lẹ́ẹ̀kan, bí ìlù bá sì dún ni ó ń ka ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ ṣe. Idán yìí ń gba ìlù márùn-ún, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ó tó lè tún jáde. Ẹni tó bá ń fi ìka gbá fóònù lẹ́ẹ̀mẹwàá láàrin àkókò yẹn kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Okùn a máa já o. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Àbíjàn: WACS, ACE, SAT-3, àti MainOne yìí náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ti ọmọ wa kì í ṣe ti okùn. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé nísàlẹ̀ àpáta, nínú yàrá rẹ̀, ìgbà 11 nínú 50 ni iṣẹ́ kò jáde. Níwájú mọ́sálásí, níbi tí ojú ti là, ìgbà 2 péré. Àpáta Ìdànrè kò jẹ́ kí fóònù rí òpó dáadáa. Àpáta tó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, òun kan náà ló ń dènà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ta ni yóò bá a jà?

Èkejì ló dùn mọ́ mi nínú jù, torí ìṣirò ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù idán bà, ẹ wá gbọ́ ohun tí idán náà jẹ́. Nígbà tí iná bá jáde, kọ̀ǹpútà yóò mú nọ́ńbà kan láti orí òdo dé ibi tí agbára akọni mọ, yóò sì mú òmíràn láti orí òdo dé ibi tí ààbò ẹranko mọ. Bí ti akọni bá ju ti ẹranko lọ, idán jẹ́. Bí kò bá jù ú, kò jẹ́. Ó parí. Bí ẹni méjì bá da dáìsì lúdò tí a wo ti ẹni tó pọ̀ jù, ohun kan náà ni.

Kí wá ni agbára akọni? Wọ́n mú ipele rẹ̀ pẹ̀lú àfikún díẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po. Ìlọ́po yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 64. Ohun tí akọni wọ̀ ló ń fi kún 64 yìí tàbí tó ń yọ nínú rẹ̀. Ọ̀pá iná fi 10 kún un. Ẹ̀wù irin yọ 30. Ṣòkòtò irin yọ 21. Apata irin yọ 8, àkẹtẹ̀ irin tó bo orí àti ojú yọ 6. Àwọn tó ṣe géèmù náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan má baà gbé idà, kí ó wọ irin, kí ó tún mọ idán pọ̀ mọ́ ọn.

Mo bi ọmọ náà pé kí ni akọni rẹ̀ máa ń wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀wù àti ṣòkòtò irin ni lójoojúmọ́, Bùrọ̀dá. Bí mo bá fẹ́ lọ bá ẹranko tó le, màá fi apata àti àkẹtẹ̀ kún un."

Mo ní kí ó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. 64, kí ó fi 10 kún un, ó di 74. Kí ó yọ 30, kí ó yọ 21, ó ku 23. Lójoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń sọ 74 di 23 pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní kí ó wá fi apata àti àkẹtẹ̀ kún un. Ó yọ 8, ó yọ 6. Ó ku 9. Ó dákẹ́. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀rù bá ṣe ń bà á tó ni ó ń wọ irin tó, bí ó bá sì ṣe ń wọ irin tó ni idán rẹ̀ ń kú tó. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ lára àwọn tí kò nílò rẹ̀, tí kì í fi í jẹ́ lọ́jọ́ ogun gidi. Bí kò bá sì ní ọ̀pá yẹn rárá, 65 ni irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yọ nínú 64. Bí ó ta á títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní jẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ńbà tí ohun tí akọni wọ̀ ń fi kún un tàbí tí ó ń yọ wà nínú géèmù náà, ní ojú-ewé tí a ti ń wo ohun tí akọni wọ̀. Ènìyàn kàn ní láti tẹ̀ ẹ́ ni. Kò sí nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tíì tẹ̀ ẹ́ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ iye tí ìforúkọsílẹ̀ olóṣooṣù jẹ́. Owó oṣooṣù yẹn a máa ṣí ilẹ̀ tuntun àti ohun ìjà tuntun sílẹ̀ fún ènìyàn. Kì í yí ìṣirò yìí padà. Ẹni tó sanwó tó sì wọ irin yóò kàn rí ilẹ̀ tó fẹ̀ sí i tí idán rẹ̀ kò ti ní jẹ́.

A dán an wò. Níwájú mọ́sálásí, lẹ́yìn Àsárì, ẹranko kan náà. Ó fi ẹ̀wù àti ṣòkòtò irin ta iná 50 tó jáde, 26 ló wọlé. Ó bọ́ irin, ó mú ọ̀pá nìkan, ó tún ta 50, 43 wọlé. Kò ná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi góòlù díẹ̀ inú géèmù ra ẹ̀wù aláró tí ń fi 3 kún un àti fìlà tí ń fi 2 kún un, ó sì di 79.

Ọjọ́ kejì ó tún sáré dé. "Bùrọ̀dá, ó tún ti bàjẹ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni kò wọlé!"

Ibí yìí ni mo rò pé ó ṣòro jù fún ọmọdé, ó sì ṣòro fún àgbà pẹ̀lú. Bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń wọlé, 15 kò ní wọlé, àwọn 15 yẹn kì í sì í tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Kí mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ó dà bí ẹni pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n idán kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ogún ni ní ìṣẹ́jú kan, 1,200 ni ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ta á fún wákàtí kan yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Ó bi mí bóyá lẹ́yìn tí mẹ́ta bá ti kùnà, ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ wọlé. Rárá. Dáìsì kò rántí àná. Àwọn géèmù kan wà tó ń rántí o: Warcraft III tó jáde lọ́dún 2002, àti Dota 2 tó tẹ̀ lé e, a máa fi kún oríire ẹni lẹ́yìn ìkùnà kọ̀ọ̀kan, kí ọkàn ọmọ aráyé má baà bàjẹ́. Ti ọmọ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku bàbá rẹ̀. Mo mú ìwé àjákọ náà lọ bá a nílé, mo sì ka ìṣirò náà sí i létí, 64 àti 30 àti 21. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fín oògùn sí kòkó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ṣé bí oògùn kòkó tí òjò wẹ̀ dànù ni? Oògùn náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó fín in kò wojú ọ̀run?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ ìṣirò ni, òun kò ní ẹjọ́, bí ọmọ náà bá ti ń kírun lásìkò tó sì ń kàwé. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń dá fátíwà, nítorí náà mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà wa.

A san owó WAEC náà nígbà tí àsìkò tó, ó pé. Ọmọ náà ń ṣe géèmù rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé níwájú mọ́sálásí, torí pé àpáta ṣì wà níbi tó wà. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ kò tíì gbà ni orúkọ náà. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn ará Cambridge kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ idán kúrò, kí wọ́n pè é ní ìṣirò. Mi ò tíì kọ ọ́.